ÌTÀNNÁ Ẹ̀YÌNKÙLÉ ÀTI ÌYÍPADÀ ÌGBÀ

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣí ìwé yìí láti wá ọjọ́ tí oṣù yóò lé, tàbí ọ̀sẹ̀ tí ó yẹ kí a gbin àgbàdo, yóò rí i pé ọdún kan kì í jọ èkejì rẹ̀ pátápátá, síbẹ̀ ipa ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀. Òjò a rọ̀, òjò a sì dá. Ewé a rú, ewé a sì wọ́. A bí ọmọ, àgbà a sì lọ sí ilé. Àwọn baba wa ti kíyèsí èyí kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa, wọ́n sì fi pa òwe pé, ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó wà níhìn-ín, mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí nínú ọgbà kékeré kan ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìwó, kí n sì fi ṣe àlàyé ìdí tí ìgbà fi ń yí padà, iṣẹ́ tí ìtànná ń ṣe, àti ohun tí ó yẹ kí àgbẹ̀ àti ìyá ilé ṣe ní àkókò kọ̀ọ̀kan.

AAGO ÌYÁ MI

Ọgbà tí mo ń sọ yìí kò tóbi ju ibi tí a lè tẹ́ ẹní mẹ́rin sí lọ. Ìyá mi ni ó ni ín. Ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, lẹ́bàá àmù, níbi tí omi tí a fi ṣan àwo máa ń gbà kọjá. Ó gbin ewúro sí i, ó gbin efinrin àti ata wẹ́wẹ́, ó sì fi pẹ̀rẹ́gún ṣe ọgbà yí i ká. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá àmù gan-an ni òdòdó kan wà tí a kò ń jẹ, tí a kò sì ń tà. Tannápòṣó ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ń pè é ní tannápowó. Baba mi, ẹni tí í ṣe àgbẹ̀ kòkó, a máa bi ìyá mi léèrè pé, “Kí ni èyí ń ṣe nínú ọgbà?” Ìyá mi a sì dáhùn pé, “Aago mi ni.”

Òtítọ́ ni ó sọ. Ìyá mi kò mọ aago wò títí ó fi darúgbó. Tannápòṣó kì í ṣí ojú ní òwúrọ̀ bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ òdòdó. Ó ń di ojú rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán. Nígbà tí oòrùn bá rọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni ó ń ṣí, pupa, funfun, tàbí pupa rúsúrúsú, òórùn dídùn rẹ̀ a sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Àwọn àfòpiná tí ń fò ní àṣálẹ́ ni ó ń ṣí sílẹ̀ dè. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú, ó ti rọ. Òdòdó mìíràn ni yóò ṣí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ìyá mi bá rí i pé ó ti ṣí, yóò dìde, yóò sì dá iná oúnjẹ alẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé sọ fún wa pé àwọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni irúgbìn yìí ti wá, àwọn òyìnbó sì ń pè é ní òdòdó aago mẹ́rin. Ẹ kíyèsí i pé ìyá mi tí kò ka ìwé rí, àti àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ka ọ̀pọ̀lọpọ̀, àmì kan náà ni wọ́n fi dá a mọ̀.

Ní ọdún kan tí kò tí ì pẹ́, nígbà tí òjò oṣù Agẹmọ ń rọ̀, ìyá mi wí fún mi pé òun fẹ́ lọ sí Kúta láti rí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tí ó kù nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Kúta kò jìnnà sí Ìwó. Ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù lè fi ẹsẹ̀ rìn ín kí ọ̀sán tó pọ́n, ọkọ̀ kì í sì í pẹ́ dé ibẹ̀. Mo dá a lóhùn pé, “Ẹ jẹ́ kí a kó àgbàdo ná, Ìyá.” Nígbà tí a kó àgbàdo tán, mo ní kí a ta kòkó ná. Nígbà tí a ta kòkó tán, ọyẹ́ ti dé, ikọ́ sì ń ṣe ìyá mi; mo ní kí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ná. Kò bá mi jà. Ó kàn wí pé, “Ó dára, ọmọ mi, òní là ń rí, a kò rí ọ̀la.” Ní ìparí oṣù Èrèlé, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, tí tannápòṣó sì ti gbẹ lẹ́bàá àmù tí a kò rí ju igi rẹ̀ lásán lọ, ìyá mi sùn ní alẹ́ ọjọ́ kan, kò sì jí mọ́.

Èmi yóò padà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí ọyẹ́ kì í fi í dúró de ẹnikẹ́ni.

OHUN TÍ Ń YÍ ÌGBÀ PADÀ

Ilẹ̀ ayé ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ṣùgbọ́n kò dúró ṣánṣán. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí náà ni oòrùn fi dàbí ẹni pé ó ń rìn lọ sí àríwá fún oṣù mẹ́fà, tí ó sì ń padà sí gúúsù fún oṣù mẹ́fà. Ìlú Ìwó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7½ sí àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì ọgbọọgba. Nítorí èyí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ọ̀sán ń dúró sí àtàrí wa gan-an: ìkíní ní nǹkan bí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Igbe, èkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Owewe. Bí olùkà bá fẹ́ dán an wò, kí ó ri ọ̀pá gígùn kan mọ́lẹ̀ ní gbangba ní ọjọ́ wọ̀nyí, kí ó sì wo òjìji rẹ̀ nígbà tí aago kan bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Yóò rí i pé òjìji náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Kì í ṣe aago méjìlá gan-an ni ọ̀sán ń pọ́n ní Ìwó, nítorí pé ibi tí a fi ìwọ̀n aago ilẹ̀ Nàìjíríà sí wà ní ìhà ìlà-oòrùn wa, oòrùn a sì kọ́kọ́ dé ibẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń jìjàdù lórí ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti òkun Atlantic wá láti ìhà gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn; omi ni ó rù. Èkejì ń ti aginjù Sahara wá láti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn. Ó gbẹ, eruku ni ó sì rù. Nígbà tí oòrùn bá ń lọ sí àríwá, afẹ́fẹ́ òkun a tẹ̀lé e, òjò àkọ́rọ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà tàbí Igbe. Nígbà tí ibi tí afẹ́fẹ́ méjèèjì ti ń pàdé bá ti lọ jìnnà sí àríwá, òjò tiwa a dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Ògún. Àwọn àgbẹ̀ a máa fi àkókò yìí sá àgbàdo, wọn a sì máa múra fún ìgbìn kejì. Lẹ́yìn èyí, bí oòrùn ti ń padà, òjò a tún rọ̀ ní oṣù Owewe àti Ọ̀wàrà, títí àrọ̀kúrò yóò fi dá. Ní oṣù Bélú àti Ọ̀pẹ, afẹ́fẹ́ aginjù a borí, ètè a là, ewé a rọ, a ó sì wí pé ọyẹ́ dé.

Ohun kan wà nípa eruku ọyẹ́ tí ó yẹ kí a mọ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti ilẹ̀ gbígbẹ Bodélé wá, ní orílẹ̀-èdè Chad. Ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, adágún omi ńlá ni ó wà níbẹ̀. Omi náà ti gbẹ, ohun tí ó sì kù ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí í ṣe ìyókù àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí wọ́n gbé inú omi náà rí, ni afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. Nígbà tí ìyàwó ilé ní Ìwó bá ń nu eruku ọyẹ́ kúrò lórí tábìlì rẹ̀, ìsàlẹ̀ adágún tí kò sí mọ́ ni ó ń nù.

ÌTÀNNÁ OKO ÀTI IṢẸ́ RẸ̀

Àwọn kan rò pé òdòdó wà fún ọ̀ṣọ́ nìkan, àti pé àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ohunkóhun í fi ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni baba mi rò. Ṣùgbọ́n kò sí èso tí a ń kó nínú oko kòkó, oko àgbàdo tàbí oko ẹ̀gúsí tí kì í ṣe pé òdòdó ni ó kọ́kọ́ jẹ́, òdòdó náà sì gbọ́dọ̀ rọ kí èso tó jáde.

Ẹ wo ilá. Ìtànná rẹ̀ ń ṣí ní òwúrọ̀, ó sì ń rọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ kan péré ni gbogbo ayé rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn èyí, ilá ti tó ká. Bí a bá fi í sílẹ̀ títí ó fi kó, ọbẹ̀ kò gbà á mọ́, irúgbìn nìkan ni a lè fi í ṣe. Nítorí náà ẹni tí ó ní oko ilá kò gbọdọ̀ wí pé ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ẹ wo àgbàdo pẹ̀lú. Ìrùkẹ̀rẹ̀ tí ó wà ní orí rẹ̀ ni akọ. Irun tí ó yọ ní ẹnu ọmọ rẹ̀ ni abo. Lẹ́búlẹ́bú a bọ́ láti orí ìrùkẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì gbé e bà lé irun. Irun kọ̀ọ̀kan ni ó ní ẹyọ àgbàdo tirẹ̀. Èyí tí lẹ́búlẹ́bú kò bá bà, àyè ẹyọ tirẹ̀ a ṣófo. Nítorí náà ni àgbàdo tí a gbìn ní ìlà kan ṣoṣo lẹ́bàá ọgbà fi ń yọ eyín, nígbà tí èyí tí a gbìn ní ìlà púpọ̀ súnmọ́ ara wọn ń kún dáadáa. Bí ọ̀dá bá dá ní ọ̀sẹ̀ tí irun ń yọ, ìpalára rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ mìíràn lọ.

Ní ti ẹ̀gúsí àti elégédé, oyin ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti ara akọ ìtànná lọ sí ara abo, òwúrọ̀ sì ni ó ń ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ fín oògùn apakòkòrò, kí ó má ṣe é ní òwúrọ̀ nígbà tí ìtànná ṣí, kí ó dúró di ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá pa oyin, èso ara rẹ̀ ni ó pa.

Ṣùgbọ́n kòkó ni ó yà mí lẹ́nu jù lọ. Ara ìtì àti ẹ̀ka ni ìtànná rẹ̀ ń yọ sí, ó kéré, a sì lè kọjá lábẹ́ rẹ̀ kí a má rí i. Igi kan lè tan ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìtànná láàárín ọdún kan. Èyí tí kòkòrò kò bá bẹ̀ wò yóò já sílẹ̀ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Nínú ọgọ́rùn-ún ìtànná, nǹkan bí ẹyọ kan sí márùn-ún ni ó ń di èso. Nínú àwọn èso wẹ́wẹ́ náà pẹ̀lú, púpọ̀ ni ó ń dúdú tí ó sì ń gbẹ mọ́ ara igi. Èyí tí ó bá là á já yóò lo oṣù márùn-ún sí mẹ́fà kí ó tó pọ́n. Síbẹ̀ igi kòkó kì í ka èyí tí ó já sílẹ̀ sí òfò. Bí ó ti ń já, bẹ́ẹ̀ ni ó ń tan òmíràn.

Kòkòrò tí ń ṣe iṣẹ́ yìí fún kòkó kì í ṣe oyin. Irú kantíkantí kan ni, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ṣòro láti rí i. Inú ewé tí ó ń jẹrà, àti inú ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti bẹ́ tí ó sì ń rà, ni ó ti ń bí ọmọ. Nítorí náà ó dára kí àgbẹ̀ fi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti kú sílẹ̀ láàárín oko kòkó, kí ó má ṣe gbá oko náà mọ́ bí ojúde ọba. Èso tí àrùn ti mú di dúdú nìkan ni kí ó ká kúrò ní kíákíá, kí ó má ba ran èyí tí ó kù. Àwọn àgbà ti wí pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. A lè fi èyí kún un pé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó kú nínú oko kòkó kò fi ọmọ tirẹ̀ nìkan rọ́pò; ó ń ràn kòkó lọ́wọ́ láti so pẹ̀lú.

ÌLÚ PẸ̀LÚ NÍ ÌGBÀ TIRẸ̀

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọgbà ń ṣẹlẹ̀ sí ìlú pẹ̀lú. Títí di 1967, Ìwó wà ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Láti ìgbà náà ó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1976 ó di ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ògún, 1991, ó sì di ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tí a bí ní 1960, tí kò sì kúrò ní agboolé baba rẹ̀ rí, ti gbé lábẹ́ orúkọ mẹ́rin. Ilẹ̀ tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Onítẹ̀bọmi ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní ìgbà àtijọ́ ni Yunifásítì Bowen ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti 2002. Odò Ọbà tí a fi ń ki àwọn ọmọ Ìwó ṣì ń ṣàn, ṣùgbọ́n omi tí ó kọjá lánàá kọ́ ni ó ń kọjá lónìí.

Ìwó ni gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ mọ́ odídẹrẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyẹ náà ti dínkù púpọ̀púpọ̀ nínú igbó Áfíríkà, nítorí igi tí a ń gé àti nítorí àwọn tí ń mú un tà fún àwọn ará òkèèrè. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fohùn ṣọ̀kan láti fi òfin de òwò odídẹrẹ́ tí a mú láti inú igbó kọjá ààlà orílẹ̀-èdè. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ohun tí a fi ń ki wá kò lè tán. Ohun tí a kò bá tọ́jú lè kúrò nínú igbó, kí ó kù sínú oríkì nìkan.

IBI PẸ̀LÚ Ń KỌJÁ LỌ

Bí a bá ń sọ pé ohun gbogbo ń kọjá, kí a má ṣe fi ojú ìbànújẹ́ nìkan wò ó, nítorí pé ibi pẹ̀lú ń kọjá. Ní ayé àwọn baba wa, ìbẹ̀rù ńlá ni ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́. Nígbà náà ni ṣọ̀pọ̀ná máa ń jà, tí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní ilẹ̀ gbígbóná. Láti 1796 tí Edward Jenner, oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì, ti fi hàn pé a lè fi àjẹsára dènà rẹ̀, ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí iṣẹ́ náà tó parí. Ní 1970 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó ní i ní Nàìjíríà. Ní 1980 Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò ní gbogbo ayé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni sòbìà. Ẹni tí ó bá mu omi àbàtà tí kòkòrò rẹ̀ wà nínú rẹ̀ kò ní mọ nǹkankan fún nǹkan bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni aràn gígùn yóò máa yọ ní ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì ní lè ti ilé lọ sí oko. Ọ̀pọ̀ oko ni koríko gbà nítorí èyí, kì í ṣe nítorí ọ̀lẹ. Nígbà tí a ka àwọn tí ó ń ṣe ní Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n lé ní 650,000. A kọ́ àwọn ènìyàn láti fi aṣọ sẹ́ omi mímu, a gbẹ́ kànga, a kò sì jẹ́ kí ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ wọ inú omi. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Ní 2013 a fi ọwọ́ sí i pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tí a ń bí lónìí kò mọ ohun tí ń jẹ́ sòbìà. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé kò lọ fúnra rẹ̀ bí ọyẹ́ ti ń lọ. Ọwọ́ ènìyàn ni ó lé e lọ.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÌGBÀ KỌ̀Ọ̀KAN

Ní ìgbà ọyẹ́: ẹ máa bo oúnjẹ àti omi mímu nítorí eruku. Ẹ má ṣe sá gàrí sí etí títì tàbí sí ibi tí eku lè dé, nítorí pé àìsàn ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969, láti ara eku ni ó ń wá, ó sì ń pọ̀ sí i ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ ro ẹ̀bá oko kòkó yíká kí iná ìgbẹ́ má ba wọ inú rẹ̀. Bí ikọ́ àgbàlagbà bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ má ṣe wí pé ọyẹ́ ni.

Ní ìgbà òjò: ẹ̀fọn ń yé ẹyin sínú omi tí kò ṣàn, ẹyin náà sì lè di ẹ̀fọn tí ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Nítorí náà, ní ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ da omi inú agolo, igbá fífọ́ àti táyà àtijọ́ nù, ẹ fọ àmù, ẹ sì dé e. Kí àwọn ọmọdé àti aboyún máa sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn.

Ní ìgbà gbogbo: ẹni tí ó gbin òdòdó sí ẹ̀yìnkùlé, kí ó kọ́ àwọn ọmọ pé a kì í jẹ gbogbo ohun tí ó lẹ́wà. Irúgbìn tannápòṣó dúdú bí iyeré, ṣùgbọ́n ó ní oró, bẹ́ẹ̀ sì ni gbòǹgbò rẹ̀.

Ohun kan kù tí í ṣe ti ilẹ̀. Pẹ̀rẹ́gún kì í wọ́wé ní ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí èyí ni àwọn baba wa fi ń gbìn ín sí ààlà oko. Ẹ mú àwọn ọmọ yín, lọ́kùnrin lóbìnrin, lọ sí ààlà náà nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì lè gbé yín débẹ̀. Ẹ fi hàn wọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé níwájú ẹlẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ kì bá tí sí bí baba bá ti rìn dé ìdí pẹ̀rẹ́gún pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

ÌRÌN KÚTA

Mo ní èmi yóò padà sí ọ̀rọ̀ ìyá mi. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti gbé àmù rẹ̀ kúrò, mo sì rí ewé tútù lẹ́bàá rẹ̀. Tannápòṣó ni. Gbòǹgbò rẹ̀ nípọn bí iṣu kékeré, ó sì ń sùn nínú ilẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń dúró de omi. Mo fi àmù sílẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Èbìbí, ó tanná. Aago mẹ́rin lù, ó ṣí, kò sì sí ẹni tí ó dìde láti dá iná. Mo dúró níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rí i nígbà náà pé ìgbà tí mo ní kí ìyá mi dúró dè ti dé, ó sì ti pé pérépéré: a ti kó àgbàdo, a ti ta kòkó, ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Òun ni kò sí.

Nígbà tí òdòdó náà so, mo ṣa irúgbìn rẹ̀ mẹ́wàá, mo dì wọ́n sínú ìwé, mo sì mú wọn lọ sí Kúta. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni mo fa ọjọ́ sẹ́yìn títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò dá mi lóhùn lẹ́sẹ̀kan náà. Ó gba irúgbìn náà, ó fi ìka ra wọ́n, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Èmi ni mo fún un ní ti àkọ́kọ́, ní ọjọ́ tí ó ń lọ sí ilé ọkọ ní Ìwó. Kò ní aago, mo sì mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ kò ní fẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ pẹ́.” Lẹ́yìn náà ó wí pé, “Gbìn wọ́n sí ẹ̀bá ojú fèrèsé, kí n lè máa gbóòórùn wọn.” Mo gbìn wọ́n. Láti ìgbà náà, kò sí oṣù tí n kò dé Kúta.

Olùkà ọ̀wọ́n, ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ yìí lè sọ ọjọ́ tí oṣù yóò lé fún ọ, àti ọ̀sẹ̀ tí ó yẹ kí o gbin àgbàdo. Kò lè sọ fún ọ ẹni tí yóò wà nílé nígbà tí o bá kó o. Bí ẹnì kan bá wà tí o ti ṣèlérí láti lọ wò, tàbí gbèsè tí ó yẹ kí o san, tàbí arákùnrin tí ìwọ àti òun ti pẹ́ tí ẹ kò kí ara yín, má ṣe wí pé ó di ẹ̀yìn ìkórè. Mú kálámù, fi àmì sí ọjọ́ kan nínú oṣù yìí, kí o sì lọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a rí àmọ́dún, kí àwọn tí a fẹ́ràn sì bá wa rí i.